Ta Ni "Wọ́n" Nínú "Wọ́n Ní"?

  

Gbogbo ẹni tí ó ti bá wa ṣe ìpàdé ní Amadi-Ama rí ni ó mọ̀ pé ìpàdé lọ́tọ̀, ìjókòó ẹ̀yìn ìpàdé lọ́tọ̀. Nínú ìpàdé, a ń ka àkọsílẹ̀, a ń san owó ẹgbẹ́, a sì ń jiyàn lórí òfin. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti gbàdúrà ìparí tán, ìgbà náà gan-an ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan yóò ní, "Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ yìí." Kí á tó wí, kí á tó fọ̀, ilẹ̀ ti ṣú.

Ohun tí ó ń ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu ní àdúgbò yìí kò kéré. Ìlú àwọn ará Okrika ni Amadi-Ama, ó wà létí odò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Trans-Amadi níbi tí àwọn iléeṣẹ́ pọ̀ sí. "Ama" ní èdè wọn ni ìlú. Ẹni tí ó ti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ dé yóò rí odò tí ó kún ní àárọ̀ tí ó sì fà sẹ́yìn ní ọ̀sán títí ọkọ̀ yóò fi jókòó sórí ẹrẹ̀, yóò sì bi wá bóyá ẹnì kan ló ń gbọ́n ọn. Yóò bá ìṣáwùrú tòun ti ìkarahun rẹ̀ nínú ọbẹ̀, kò ní mọ bí òun yóò ṣe jẹ ẹ́. Bọ̀ọ̀lì tí ó ń fi ẹ̀pà jẹ nílé, ẹja yíyan àti ata elépo ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ níhìn-ín, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é kò jìnnà sí èyí tí ìyá rẹ̀ ń pè é. Bí a bá ti rẹ́rìn-ín ìyẹn tán, a ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìlú: owó epo, ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì, ọ̀rọ̀ gómìnà àti ti Ààrẹ. Olúkúlùkù yóò sọ èrò ọkàn rẹ̀.

Àwa rò pé ìjókòó yìí dára púpọ̀. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan lè ní ojú méjì, kí àwọn méjèèjì tí ó ń jiyàn lé e lórí má sì jẹ́ òmùgọ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn kò sí nínú ìwé tí olùkọ́ ń tà fún wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré kan ti ń gba ìjókòó náà mọ́ wa lọ́wọ́. Kò ju sílébù méjì lọ: "Wọ́n ní." Wọ́n ní epo yóò tún gbówó lórí lọ́la. Wọ́n ní wọn yóò ti ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní àwọn kan ń jí ènìyàn gbé ní òpópónà báyìí-báyìí. Bí ẹ bá béèrè pé ta ni "wọ́n" yìí, ẹni tí ó sọ ọ́ yóò wò yín bí ẹni pé ẹ bú u. Yóò ní gbogbo ayé ló mọ̀. Yóò na tẹlifóònù rẹ̀ sí yín pé kí ẹ wo WhatsApp. Ẹ ó wò ó, ẹ ó sì rí i pé ẹni tí a kò mọ̀ ni ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí a kò rí, tí ìyẹn náà fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wa.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mú ìròyìn wá sí àárín ọ̀rẹ́, kí ó sọ bóyá ó rí i ni, bóyá ó gbọ́ ọ ni, tàbí bóyá ó rò ó ni. Mo rí i, mo gbọ́, mo rò: mẹ́ta ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ eré ni. Ní Port Harcourt yìí kan náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ti la ojú gbogbo ìlú rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu sì ti pa ènìyàn rí.

Ẹ jẹ́ kí á mú èyí tí ó la ojú ìlú ṣáájú. Ní ìparí ọdún 2016, àwọn ará Port Harcourt bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun àrà. Ẹni tí ó gbá ilé rẹ̀ mọ́ ní alẹ́ yóò jí ní òwúrọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò dúdú bí ẹni tí ó rìn lórí èédú. Aṣọ funfun tí a sá sórí okùn yóò di aláwọ̀ eérú. Bí ènìyàn bá nu imú, dúdú ni yóò rí. Ìyá sọ fún aládùúgbò rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, oníṣòwò sọ fún oníbàárà. "Ṣé tìrẹ náà dúdú?" "Tèmi dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ohun tí ó ya olúkúlùkù lẹ́nu nínú ilé rẹ̀ ni ó di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú. Wọ́n ya àwòrán ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn, wọ́n fi han ayé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn ará ìlú wọ́de lórí eruku èéfín yìí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní "soot". Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Nyesom Wike, tí ó jẹ́ gómìnà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ wá àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì lábẹ́lẹ̀ rí, àwọn tí ará ibí ń pè ní "kpo fire".

Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kò nílò "wọ́n ní" kankan. Ẹni tí ó sọ ọ́ rí i, ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lè fi ìka kan nu ojú fèrèsé rẹ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ohun tí ó fa èéfín náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn kan tọ́ka sí àwọn tí ń fọ epo lábẹ́lẹ̀, àwọn kan tọ́ka sí epo tí àwọn agbófinró gbà tí wọ́n sì dáná sun, àwọn mìíràn tọ́ka sí iléeṣẹ́ tí ń po ọ̀dà títì, sí táyà tí a ń sun àti sí gáàsì tí ń jó ní ibi tí wọ́n ti ń wa epo. Ojú lásán kò lè fi ìyẹn mọ̀, ìwádìí ni ó gbà. Rírí jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, mímọ ìdí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá mọ ààlà méjèèjì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣe ìlú láǹfààní.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní ọjọ́ 20, oṣù keje, ọdún 2014, ọkùnrin kan tí ó ti Làìbéríà wá gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Ẹ̀rù ba gbogbo wa ní Nàìjíríà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ní òru, tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ìlú dé ìlú: dìde, fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí o sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Ebola kò ní mú ọ. Ìyá ń pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò, ọ̀rẹ́ ń pe ọ̀rẹ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Wọ́n ní. Nígbà tí ó di àárín oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé irọ́ ni, àti pé ìròyìn ti dé pé, ó kéré tán, omi iyọ̀ ti pa ènìyàn méjì ní Nàìjíríà. Àrùn kò pa wọ́n, ìwòsàn tí kò ní olúwa ni ó pa wọ́n.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé láàárín ìgbà tí àwọn ènìyàn ń wá iyọ̀ kiri, àrùn náà gan-an ti rọra wọ Port Harcourt. Ẹnì kan tí ó ti bá aláìsàn Èkó náà pàdé dọ́gbọ́n wá síhìn-ín fún ìtọ́jú láìjẹ́ kí àwọn elétò ìlera mọ̀. Dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 22, oṣù kẹjọ. Ẹ wò ó: ohun tí kì í ṣe òótọ́ gba gbogbo ìlú kan ní òru kan ṣoṣo, ohun tí ó jẹ́ òótọ́ fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣẹ́gun rẹ̀? Ìbéèrè ni wọ́n ń béèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ilé dé ilé: Ta ni o bá pàdé? Níbo? Ní ọjọ́ wo? Wọ́n tọpasẹ̀ ènìyàn 894, wọ́n sì ṣe ìbẹ̀wò bíi 18,500 láti wo ara wọn. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní orílẹ̀-èdè yìí, 8 nínú wọn kú. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, ọdún 2014 kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí wọ́n ṣe tọpasẹ̀ àrùn, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí á máa tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹnu ta ni o ti gbọ́ ọ? Ẹnu ta ni ẹni yẹn ti gbọ́ ọ? Bí a bá bi í lẹ́ẹ̀mẹta tí a kò bá ẹnikẹ́ni ní ìdí rẹ̀, kí á fi í sílẹ̀ níbi tí a bá a.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó wúwo jù lẹ́nu wa, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ bí tiwa ni ó kàn. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá, ọdún 2012, ní Aluu, tí kò jìnnà sí Yunifásítì Port Harcourt, ariwo olè sọ lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin. Àwọn èrò lù wọ́n, wọ́n wọ́ wọn kiri ìlú, wọ́n sì dáná sun wọ́n lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn kan ń fi tẹlifóònù ya àwòrán rẹ̀. Àwọn ẹbí wọn sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó gbé wọn débẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà, ọlọ́pàá sì wà nínú wọn. Ìdájọ́ yẹn kò jí òkú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìbá dá ọwọ́ àwọn èrò dúró: ta ló rí wọn níbi tí wọ́n ti ń jalè? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹni tí ó bá mọ́ lára láti gba "wọ́n ní" gbọ́ níbi eré, kì í ṣe ibi tí òkúta wà lọ́wọ́ àwọn èrò ni yóò ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń béèrè ìdí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe àṣà àwọn baba wa láti máa tan ọ̀rọ̀ tí kò lólúwa. Akéde tí ó ń lu agogo kiri ìlú yóò kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí ó rán an: ọba ni, tàbí baálẹ̀ ni. Àrokò tí a dì ránṣẹ́ kò ní ìtumọ̀ bí ẹni tí ó gbà á kò bá mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti wá. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa, ẹni tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá bí nínú mọ ilé tí yóò gbà lọ. Àwa ọmọ irú ìran bẹ́ẹ̀ ni a wá ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò lórúkọ, tí a sì ń sáré fi ránṣẹ́ kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú wa. Ṣé àwọn àgbà kúkú ti sọ pé ibi ọpẹ́ ni òfófó mọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ "mo rò". Òun náà ní wàhálà tirẹ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ọdún 2025, Ààrẹ Bola Tinubu kéde ìjọba pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ó dá Gómìnà Siminalayi Fubara, igbákejì rẹ̀ àti àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ dúró fún oṣù mẹ́fà, ó sì fi Ibok-Ete Ibas, ọ̀gá àgbà ọmọ ogun ojú omi tí ó ti fẹ̀yìn tì, ṣe alákòóso. Ọjọ́ 17, oṣù kẹsàn-án ni ó tó fòpin sí i. Gbogbo wa mọ bí ìjókòó wa ṣe gbóná ní àkókò náà. Nítorí pé ọmọ Yorùbá ni Ààrẹ, àwọn kan nínú wa rò pé ọ̀ranyàn ni kí á gbè é. Àwọn kan rò pé kí á bú u kí àwọn onílé má baà rò pé a mọ̀ sí i. Àwọn kan ní àlejò ni wá, kí á pa ẹnu mọ́.

Èrò tiwa ni pé kò sí èyí tí ó tọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó bá fara mọ́ ohun tí Ààrẹ ṣe, kí ó sọ ìdí rẹ̀ láti inú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí òfin wí. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó ṣe bákan náà. Ẹ̀yà kì í ṣe ẹ̀rí, ìbẹ̀rù kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Ní ti pé kí á dákẹ́ nítorí pé àlejò ni wá, àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Wọn kò ní kí àlejò di ojú rẹ̀. Ohun tí òwe náà ń kọ́ wa ni pé kí á bi onílé. Àwọn ọmọ Okrika àti Ikwerre tí a jọ ń kàwé, ẹ̀ẹ̀melòó ni a ti pè wọ́n kí wọ́n wá jókòó tì wá, kí á gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lójú àwọn tí ó ni ilẹ̀? Bí a bá ń sọ̀rọ̀ wọn láìsí wọn níbẹ̀, "wọ́n ní" náà ni a ń dá sílẹ̀ yẹn.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá wa lóhùn. Wọn yóò ní, "Ṣé ẹ fẹ́ sọ ìjókòó ọ̀rẹ́ di kóòtù ni? Ṣé kí á máa mú ẹlẹ́rìí wá kí á tó pa àwàdà?" Rárá o. Kí alápárá máa pa á lọ. Kí ẹni tí ó fẹ́ràn àsọdùn máa fi tirẹ̀ dá wa lára yá. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹja tí ó ní òun rí létí odò kò tó ọkọ̀ lóòótọ́. Àwàdà mọ ara rẹ̀ ní àwàdà. Irọ́ tí ó wọ aṣọ ìròyìn ni à ń bá wí.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Èkíní, kí á máa fi "mo rí i", "mo gbọ́ ọ lẹ́nu lágbájá" tàbí "mo rò" ṣáájú ọ̀rọ̀ wa. Èkejì, bí ọ̀rẹ́ bá bi wá pé "ta ló sọ bẹ́ẹ̀?", kí á má bínú; kò pè wá ní òpùrọ́, ó ń ràn wá lọ́wọ́ ni. Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ tí ó bá kan ẹ̀mí ènìyàn, oògùn, olè, tàbí ẹ̀yà kan lódindi, kí ó má kúrò lórí tẹlifóònù wa lọ sí ibòmíràn àyàfi tí a bá mọ orísun rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò kú nítorí pé a kò tètè fi ránṣẹ́. A ti rí àwọn tí ó kú nítorí pé ọ̀rọ̀ yára jù.

A ń kọ́ ẹ̀kọ́ kí á lè wúlò. Lọ́la, nínú wa ni a ó ti rí olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀ròyìn, agbẹjọ́rò àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn ènìyàn yóò máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa ṣe ìpinnu: oògùn tí wọn yóò mu, ẹni tí wọn yóò dìbò fún, ẹni tí wọn yóò tì mọ́lé. Bí a bá lè máa sọ láàárín ara wa báyìí pé "èyí ni mo rí, èyí ni mo gbọ́, èyí sì ni mo rò", kò ní ṣòro fún wa nígbà náà. Ọ̀rọ̀ lẹyin, bí ó bá bọ́, kì í ṣe é kó.

Àwa ti wí tiwa. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú wa, kí ó mú tirẹ̀ wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí ó sì sọ fún wa níbi tí ó ti rí i. Ire o.